Sójà ti kúrò lójú ogun, ogun ò tíì kúrò lára rẹ̀: bí ará àdúgbò ṣe lè dúró ti àwọn ajagunfẹ̀yìntì

Wọ́n gbá ilẹ̀kùn pàà. Àwọn ará ilé yòókù ò tilẹ̀ gbójú sókè, àfi bàbá kan tó ti wà lábẹ́ tábìlì kó tó mọ̀ pé òun ti kúrò lórí àga. Ẹni ejò bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Kì í ṣe pé kò mọ ekòló. Ara ló ti sá kí ojú tó ríran tán. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ajagunfẹ̀yìntì nìyẹn. Ìfura tó gba ẹ̀mí wọn là lójú ogun, ara kò tíì gbọ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

PTSD (post-traumatic stress disorder), ìyẹn àìsàn ọpọlọ tí ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú máa ń fi sílẹ̀, ni àwọn dókítà ń pè é. Orúkọ náà kò tíì pẹ́: ọdún 1980 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀. Àìsàn fúnra rẹ̀ ti wà tipẹ́. Lọ́dún 1915, dókítà àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Charles Myers, kọ̀wé nípa àwọn sójà tí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, tí ìrántí wọn sì ti lọ, lẹ́yìn tí àgbá bú nítòsí wọn. Shell shock ni wọ́n ń pè é nígbà náà, ojo ni wọ́n sì ka ọ̀pọ̀ nínú wọn sí. Ẹ̀sùn ojo yẹn ò tíì tán nílẹ̀ títí di òní. Òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ la ẹnu.

Àwọn tó fẹ́ dá ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn sílẹ̀ ní àdúgbò, ní ilé ìjọsìn, ní ibi iṣẹ́ tàbí láàárín àwọn ajagunfẹ̀yìntì fúnra wọn la kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Àwọn ará ilé náà lè lo apá tó kàn wọ́n.

Ohun tí ẹ ó máa rí

Ọ̀nà mẹ́rin ni àìsàn yìí ń gbà yọjú. Ìkíní, ogun á máa padà wá láìpè: àlákálàá, tàbí ìrántí tó ń já lu ènìyàn lọ́sàn-án gangan bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ìkejì, á máa sá fún ohunkóhun tó lè mú un rántí: kò fẹ́ wo ìròyìn, kò fẹ́ rí àwọn tí wọ́n jọ jagun, kò fẹ́ wọ àárín èrò. Ìkẹta, inú ti gbẹ: kò lè yọ̀, kò lè sunkún, ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi ṣáá, kò sì fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́. Ìkẹrin, ara ò sinmi: oorun ò wá, ìbínú ń yára ru, dandan sì ni kó jókòó síbi tó ti lè máa wo ilẹ̀kùn.

Ìkẹta yẹn ni àwọn ará ilé máa ń ṣì túmọ̀ jù. Ìyàwó á ní kò nífẹ̀ẹ́ òun mọ́, ọmọ á ní bàbá òun kórìíra òun. Bẹ́ẹ̀, ara tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́ kò lè ṣí i fún ayọ̀ nìkan. Gbogbo rẹ̀ ló tì pa pọ̀. Ẹ ṣàlàyé èyí fún ará ilé kíákíá, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó ló ti tú ká lórí àṣìgbọ́ yìí.

Tí nǹkan wọ̀nyí bá ṣẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú, ó lè lọ fúnra rẹ̀. Tó bá ti ju oṣù kan lọ, tó sì ń dí iṣẹ́, oorun tàbí ìbágbépọ̀ lọ́wọ́, ó ti di ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Ó tún lè lúgọ fún ọdún pípẹ́, kó wá yọrí nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀: lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, lẹ́yìn ikú ìyàwó, nígbà tí ọmọ tó kẹ́yìn bá jáde nílé.

Ẹ má sì di gbogbo nǹkan ru PTSD. Sójà tí bọ́ǹbù ti bú nítòsí rẹ̀ lè ní ìpalára nínú ọpọlọ láìsí ọgbẹ́ kankan tó fojú hàn: orí fífọ́, etí tó ń hó, òòyì, ìgbàgbé. Kó sọ fún dókítà iye ìgbà tí nǹkan bú nítòsí rẹ̀, àti bóyá ó dákú. Ìtọ́jú méjèèjì yàtọ̀ síra.

Iṣẹ́ yín, àti èyí tí kì í ṣe tiyín

Lọ́dún 1970, ní New York, àwọn sójà tó ti ogun Vietnam bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn jọ láti sọ̀rọ̀. Wọ́n pe àwọn dókítà ọpọlọ bíi Robert Jay Lifton àti Chaim Shatan wá bá wọn jókòó. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ìwé ìṣègùn tó gba orúkọ àìsàn náà wọlé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré àga mélòó kan tí a tò yípo nínú yàrá. Ẹni tí bàtà ta lẹ́sẹ̀ ló mọ ibi tó ti ń ta á. Sójà máa ń gbọ́ lẹ́nu sójà ohun tí kò ní gbọ́ lẹ́nu oníṣègùn.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kì í ṣe ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ yín ni kí ibì kan wà tí kì í yẹ̀, tí ènìyàn lè jókòó sí láìṣàlàyé ara rẹ̀, tí yóò sì ti ibẹ̀ rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀, tí ẹ ó sì dúró tì í títí ìtọ́jú náà fi parí. Ẹ má ṣe jókòó ti ènìyàn kí ẹ ní kó ro gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú ìjókòó kan ṣoṣo. Àwọn oníṣègùn ti dán irú rẹ̀ wò lára àwọn tí ìjàǹbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Kò dí PTSD lọ́nà, ó tilẹ̀ lè mú un burú sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí i. Òótọ́ ni pé ìtọ́jú kan wà tí aláìsàn ti ń ro ìtàn náà, àmọ́ ẹni tó kọ́ ọ ló ń tọ́ ọ sọ́nà, ọ̀pọ̀ ìjókòó ló sì ń gbà. Ẹni tó bá ṣí ọgbẹ́ láìní ohun tí yóò fi dì í ti ṣe ìpalára.

Kí ìpàdé àkọ́kọ́ tó wáyé

1. Ẹ wá atọ́kùn méjì, kì í ṣe ẹyọ kan. Kí ọ̀kan jẹ́ ajagunfẹ̀yìntì tí ara tirẹ̀ ti balẹ̀ díẹ̀. Kí èkejì jẹ́ nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìlera tàbí agbaninímọ̀ràn. Bí ẹnì kan bá jáde nínú yàrá pẹ̀lú ìpayà, atọ́kùn kan á tẹ̀ lé e, èkejì á dúró ti àwọn yòókù. Ẹgbẹ́ tó ní atọ́kùn kan ṣoṣo máa ń tú ká lọ́jọ́ tí irú èyí bá kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀.

2. Ẹ ṣe ìwé ibi ìtọ́jú. Ẹ kọ orúkọ ilé ìwòsàn, oníṣègùn ọpọlọ, ọ́fíìsì tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì àti nọ́ńbà pàjáwìrì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan fúnra yín. Ẹ bi wọ́n: ìgbà wo ni wọ́n ń ṣí? Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kí ènìyàn tó rí dókítà? Ṣé ó nílò ìwé láti ọ̀dọ̀ dókítà mìíràn? Èló ni? Ta ni kí ènìyàn béèrè? Ọkùnrin tó ti fi oṣù mẹ́fà múra ọkàn kó tó pe nọ́ńbà kan, tí nọ́ńbà náà kò sì lọ, kì í sábà pe òmíràn. Ẹ máa tún un pè lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

3. Ẹ mú ọjọ́ àti wákàtí kan, kí ẹ má sì yí i padà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 90, ló dára jù. Àwọn 8 sí 10 ti tó. Tí wọ́n bá ti ju 12 lọ, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ á kú sábẹ́ ohùn àwọn yòókù. Bí ẹni méjì péré bá wá, ẹ ṣe ìpàdé náà. Bí ẹnikẹ́ni ò bá wá, kí àwọn atọ́kùn jókòó síbẹ̀ títí àkókò á fi pé. Ìpàdé tí wọ́n bá fagi lé láìsọ tẹ́lẹ̀ ń sọ ohun kan náà fún ajagunfẹ̀yìntì: wọ́n tún ti pa mí tì.

4. Ẹ yẹ yàrá náà wò bí ẹni tí ara rẹ̀ ò balẹ̀ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tò àga yípo kí ẹ̀yìn gbogbo wọn kọjú sí ògiri, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀yìn fún ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé. Kí ọ̀nà tó lọ síta ṣófo. Ẹ má ti ilẹ̀kùn pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Ilẹ̀kùn tó máa ń gbá, ẹ fi aṣọ tàbí rọ́bà sí etí rẹ̀. Gílóòbù tó ń ṣẹ́jú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wádìí ohun tó wà nítòsí: ibi tí wọ́n ti ń jó irin, jẹnẹrétọ̀ tó ń dún bí ìbọn, ibi tí èéfín ẹran sísun tàbí òórùn dísẹ́ẹ̀lì ti lè wọlé. Òórùn ló ń yára gbé ènìyàn padà jù. Kì í kìlọ̀, kò sì ṣeé bá jiyàn.

5. Ọtí kankan ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, bó ti wù kó kéré.

Ìpàdé

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ilẹ̀kùn ti wà ní ṣíṣí, nítorí ọ̀pọ̀ máa ń wá yẹ ibẹ̀ wò lọ́nà jínjìn kí wọ́n tó wọlé. Ẹnì kan kí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láti kí wọn. Kó má dì mọ́ wọn, kó má fọwọ́ gbá wọn lẹ́yìn. “Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó síbi tó bá wù yín. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ lónìí.” Ó tó.

Ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́ fún kíkí ara ẹni. Ìṣẹ́jú 5 fún òfin, ní gbogbo ọ̀sẹ̀, kódà bí gbogbo wọn bá ti mọ̀ ọ́n. Ìṣẹ́jú 45 fún ọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú 15 fún ohun tó ṣeé fọwọ́ mú: ìwé owó ìfẹ̀yìntì tó há, ẹni tó nílò ẹni tí yóò bá a lọ sí ilé ìwòsàn, ẹni tó ń wá iṣẹ́. Ìṣẹ́jú 15 tó kù, ẹ mú ara balẹ̀ kẹ́ ẹ tó túká: ẹ mí, ẹ rìn yí ká ilé, ẹ sọ̀rọ̀ ohun ọ̀tun. Ẹ má gé apá ìkẹyìn yìí kúrù nítorí pé ọ̀rọ̀ dùn. Ẹni tó bá jáde tí àyà rẹ̀ ṣì ń lù kìkì ló máa ń lọ tààrà sí ilé ọtí.

Òfin ò ní ju márùn-ún lọ. Ohun tí a bá gbọ́ níhìn-ín, ibí la fi í sí, àyàfi tí ẹ̀mí ènìyàn bá wà nínú ewu. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kò ní sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni lè dìde jáde láìtọrọ àyè, atọ́kùn kan á wò ó. A kì í fi ogun wé ogun: kúùkù àti awakọ̀ náà lọ sójú ogun, wọ́n sì lè ti rí ohun tí oníbọn kò rí. Ìkarùn-ún ló ṣe pàtàkì jù: ohun tí ogun ń ṣe sí wa lónìí là ń sọ, a kì í ṣàpèjúwe ẹ̀jẹ̀. “Mi ò sùn láti ọjọ́ Àìkú, ọmọ mi ń bẹ̀rù mi” jẹ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo yàrá lè gbà. Bí òkú ṣe rí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè mú ẹni tó sọ ọ́ fúyẹ́ fún wákàtí kan, kó sì gba oorun lójú àwọn mẹ́sàn-án yòókù. Bí ẹnì kan bá ti ń lọ síbẹ̀, kí atọ́kùn rọra wọlé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Báwo ló ṣe ń ṣe yín lára báyìí, bẹ́ ẹ ṣe ń sọ ọ́?” Ọ̀rọ̀ á kúrò lójú ogun, á padà sínú yàrá.

Àwọn ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin olùrànlọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ béèrè. “Ṣé ẹ ti pa ènìyàn rí?” ni olórí wọn. Ẹ má sọ pé “Ẹ gbàgbé ẹ̀,” tàbí “Ẹ dúpẹ́ pé ẹ ò kú,” tàbí “Mo mọ bó ṣe ń ṣe yín.” Àwọn ẹlẹgbẹ́ tó kú sójú ogun ni ọ̀rọ̀ ọpẹ́ yẹn máa ń mú ajagunfẹ̀yìntì rántí. Ẹ kúkú sọ pé: “Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Kí ló ń le jù fún yín lọ́sẹ̀ yìí?”

Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé kì í ṣe ìbẹ̀rù ló ń pa wọ́n bí kò ṣe ẹ̀bi: ohun tí wọ́n ṣe, tàbí ohun tí wọ́n rí tí wọn ò dá dúró. Ẹ má yára dá wọn láre. “Kì í ṣe ẹ̀bi yín” lẹ́nu ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò wúwo tó ìyẹ́. Ẹ gbọ́ ọ tán, kí ẹ bi í bóyá ó ti bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ rí, kí ẹ sì bá a wá oníṣègùn tàbí aṣáájú ẹ̀sìn tó mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó jẹ́ pé ọ̀gá tàbí ẹlẹgbẹ́ wọn nínú iṣẹ́ ológun ló fipá bá wọn lò pọ̀, lóbìnrin àti lọ́kùnrin, ẹ má fi wọ́n sáàárín àwùjọ gbogboogbò bí wọn ò bá fẹ́. Aṣọ ológun ni ìbẹ̀rù tiwọn. Ẹ ní ìpàdé ọ̀tọ̀ fún wọn, tàbí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ní ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ogun bá padà sójú rẹ̀

Ẹ ó mọ̀ ọ́n: ojú rẹ̀ á dúró sójú kan, èémí á yára, òógùn á bò ó, á máa dáhùn ẹni tí kò sí níbẹ̀, tàbí kó dákẹ́ bí igi. Ẹ ṣe báyìí:

Kí ẹnì kan ṣoṣo bá a sọ̀rọ̀; kí àwọn yòókù sún sẹ́yìn. Ẹ dúró síwájú rẹ̀ níbi tó ti lè rí yín, ó kéré tán kí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà wà láàárín yín, kí ọwọ́ yín sì hàn. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó rẹlẹ̀, kí ẹ sọ ibi tó wà: “Ẹ̀gbọ́n, èmi ni. Inú yàrá ìpàdé lẹ wà. Ọjọ́bọ̀ lòní. Kò sí ewu níbí.” Ẹ tún un sọ, bí ẹ ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ má máa kó ọ̀rọ̀ tuntun lé e lórí.

Bí ojú rẹ̀ bá ti ń wá yín, ẹ ní kó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gidi. Ẹ ní kó dárúkọ ohun márùn-ún tó ń rí, mẹ́rin tó lè fọwọ́ kàn, mẹ́ta tó ń gbọ́, méjì tó ń gbóòórùn, ọ̀kan tó ń tọ́ wò. Omi tútù lọ́wọ́ tàbí lójú máa ń ṣiṣẹ́ kíákíá. Lẹ́yìn náà ni mímí: ẹ fa èémí wọlé ní kíka 4, ẹ tú u síta ní kíka 6, fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí tó ń jáde ló gbọ́dọ̀ gùn jù, nítorí òun ló ń mú kí àyà rọra lù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n máa pariwo “Ẹ mí dáadáa!” Ẹni tó bá fa èémí ńlá léraléra á tún máa dá òòyì ni. Ẹ máa mí pẹ̀lú rẹ̀, kó lè máa tẹ̀ lé yín.

Ó lè tó ìṣẹ́jú 10 sí 20 kí gbogbo rẹ̀ tó rọlẹ̀. Á rẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà, ojú á sì tì í. Ẹ má bi í ní ohun tó rí. Ẹ bi í ní ohun tó ràn án lọ́wọ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn. Bí àyà bá ń dùn ún tó ń ràn dé apá tàbí àgbọ̀n, tàbí tí kò lè mí lẹ́yìn tí ara ti balẹ̀, ẹ má rò ó mọ́ PTSD. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Lóru, nínú ilé, òfin kan ló wà: ẹ má ṣe jí i nípa fífọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń jagun lójú oorun lè na ẹni tó fẹ́ràn jù kó tó mọ̀. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ẹ tan iná, ẹ pe orúkọ rẹ̀ títí yóò fi dáhùn. Bí tọkọtaya bá ní láti sùn lọ́tọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ààbò ni.

Ìtọ́jú, àti ibi tí ẹgbẹ́ ti wúlò jù

PTSD ní ìtọ́jú. Ẹ máa sọ ọ́ gbangba, nítorí ọ̀pọ̀ ajagunfẹ̀yìntì gbà pé bẹ́ẹ̀ làwọn ó ṣe máa wà títí ọjọ́ ikú. Ọ̀nà mẹ́ta ló ní ẹ̀rí jù. Èkíní, tí wọ́n ń pè ní Prolonged Exposure, máa ń gba ìjókòó 8 sí 15, ìṣẹ́jú 90 lọ́pọ̀ ìgbà: aláìsàn á máa rọra padà sí ìrántí náà, á sì máa lọ síbi tó ti ń sá fún, títí ara á fi kọ́ pé ewu ti kọjá. Èkejì, Cognitive Processing Therapy, nǹkan bí ìjókòó 12, ń tú àwọn èrò bíi “èmi ni mo pa wọ́n” palẹ̀ wò. Ìkẹta, EMDR, ń lo yíyí ojú sọ́tùn-ún sósì nígbà tí aláìsàn bá gbé ìrántí náà sọ́kàn. Nínú oògùn, sertraline, paroxetine àti venlafaxine ni àwọn dókítà sábà máa ń fún wọn.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ rèé. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin àkọ́kọ́ ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe, ó lè dà bí ẹni pé àìsàn ń le sí i: àlá á pọ̀, ìbínú á ru, nítorí ohun tí wọ́n ti dì pa ni wọ́n ń tú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sá. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ pè é ní alẹ́ ọjọ́ tó bá kúrò lọ́dọ̀ oníṣègùn, kó bá a lọ bó bá gbà, kó jókòó sí yàrá ìdúró. Oògùn náà ní tirẹ̀: ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó ṣiṣẹ́. Ó sì lè dín agbára ìbálòpọ̀ kù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin fi ń ju oògùn sílẹ̀ nìyẹn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kí atọ́kùn tó jẹ́ ajagunfẹ̀yìntì sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé ó ń ṣẹlẹ̀, pé dókítà lè yí oògùn tàbí ìwọ̀n rẹ̀ padà, àti pé kéèyàn kàn dá a dúró lójijì léwu.

Oògùn oorun àti amúkànbalẹ̀ bíi diazepam yàtọ̀. Ìlànà ìtọ́jú kò dámọ̀ràn irú wọn fún PTSD: kò wo àìsàn náà, ara sì máa ń yára gbà á mọ́ra. Ẹni tó bá ti ń lò ó tipẹ́ kò gbọdọ̀ já a lójijì o; ó lè fa gìrì. Dókítà ni yóò bá a dín in kù. Ọtí pẹ̀lú máa ń tètè gbé ènìyàn sùn, àmọ́ bó bá ti ń dá lójú ní ìdajì kejì òru, oorun á fọ́ yángá, àlá á sì wá le sí i.

Ohun kan tún wà tí ìfẹ́ máa ń bà jẹ́. Nítorí àánú, ará ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ra gbogbo nǹkan, á bá a dáhùn àlejò, á pa tẹlifíṣọ̀n, á ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Lọ́dún kan, ayé rẹ̀ á ti kéré tó yàrá kan. Gbogbo ibi tó bá sá fún ń jẹ́rìí fún ara rẹ̀ pé ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yin lè ràn án lọ́wọ́ láti yí i padà, bí oníṣègùn rẹ̀ bá ti bá a ṣètò rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjà ló ń bẹ̀rù, ẹ bá a lọ ní òwúrọ̀ kùtù tí èrò ò tíì pọ̀, kẹ́ ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má sá kúrò nígbà tí ẹ̀rù bá ga jù. Ẹ dúró títí yóò fi dín kù, bó tilẹ̀ gba ìṣẹ́jú 30 sí 45. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ wọ inú díẹ̀ sí i. Ẹ má fi ẹ̀tàn mú un lọ láé. Tó bá já sí pé ẹ tàn án lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí.

Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ikú

Ẹ bi í ní tààrà. “Ṣé ẹ ti ń ronú láti pa ara yín?” Ìbéèrè náà kò gbin èrò yẹn sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn, ó sábà máa ń mú kí ẹni tó ti ń dá rù ú mí kanlẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tún béèrè: ṣé ó ti mọ ọ̀nà tí yóò gbà? Ṣé ohun èlò náà wà nítòsí? Ṣé ó ti dá ìgbà? Ẹni tó bá ti ní ọ̀nà, ohun èlò àti ìgbà, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì, tàbí ẹ bá a lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ìbọn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú ojú tó. Ìpinnu láti kú lè gbóná fún ìṣẹ́jú mélòó kan péré kó tó rọlẹ̀, ìbọn kì í sì í fúnni láyè àtúnrò. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ìbọn kúrò nílé fún ìgbà díẹ̀ ní ọ̀nà tí òfin fàyè gbà. Bí kò bá gbà, kí ọta kúrò nínú ìbọn, kí wọ́n ti ìbọn mọ́ ibì kan, kí wọ́n ti ọta mọ́ ibòmíràn, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ má bá a sọ ọ́ bí ẹni gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé: “Ẹ jẹ́ ká bá yín tọ́jú rẹ̀ títí ara á fi balẹ̀, ẹ̀yin náà ti bá ẹlẹgbẹ́ yín ṣọ́ ìbọn rí.” Oògùn náà, kí wọ́n máa fún un ní ti ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe ti oṣù mẹ́ta.

Nígbà tí ara bá balẹ̀, ẹ jọ kọ ètò kan sórí ìwé tí yóò wọ àpò. Ìlà mẹ́fà ló ní, bí Barbara Stanley àti Gregory Brown ṣe là á sílẹ̀: àmì tí mo fi ń mọ̀ pé ó ti ń bọ̀, ohun tí mo lè dá ṣe láti mú ọkàn kúrò níbẹ̀, ènìyàn àti ibi tó lè gbà mí lọ́kàn, ẹni tí mo lè bẹ̀ pé kó ràn mí lọ́wọ́, oníṣègùn àti nọ́ńbà pàjáwìrì, bí a ṣe mú ohun èlò ikú jìnnà sí mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ, kì í ṣe tiyín. “Màá gbọ́ orin” kò tó. Orin wo, níbo, pẹ̀lú ta ni?

Àwọn ohun tó máa ń dojú ẹgbẹ́ dé

Ẹnì kan tó ń sọ̀rọ̀ gba gbogbo ìṣẹ́jú 45. Kí atọ́kùn bá a sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀ lẹ́yìn ìpàdé, kó sì fún un ní iṣẹ́ kan, bíi kíkí àwọn tuntun lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ báńgà àti ọjọ́ ìrántí ogun. Ẹ kọ wọ́n sórí kàlẹ́ńdà láti oṣù méjì ṣáájú, pẹ̀lú ọjọ́ tí oníkálukú bá sọ pé ó máa ń le fún òun. Ẹ bẹ àwọn aládùúgbò kí wọ́n sọ wákàtí tí wọn yóò yin báńgà. Èyí tí ènìyàn mọ̀ pé ó ń bọ̀ kì í ṣe é bí òjijì. Ẹ ṣí yàrá ìpàdé ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Olùrànlọ́wọ́ tó ń jókòó gbọ́ ìrora lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí àwọn atọ́kùn bá ara wọn jókòó fún ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì ní onímọ̀ ìlera ọpọlọ kan tí wọn ó máa rí lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní gbogbo òru. Ẹ pín òru láàárín ara yín. Àwọn ìyàwó, ọkọ àti ọmọ náà nílò ìpàdé tiwọn, lẹ́ẹ̀kan lóṣù ó kéré tán, níbi tí wọ́n ti lè sọ pé ó ti sú wọn láìsí ẹni tí yóò dá wọn lẹ́bi. Bí ẹnì kan nínú wọn bá sọ pé ajagunfẹ̀yìntì náà ń lu òun, ààbò ẹni náà ló ṣáájú. PTSD kì í ṣe àwíjàre fún ìyẹn.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹnì kan á kàn dẹ́kun wíwá. Bí kò bá wá lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ méjì, kó kúrú, kó má ní ìbéèrè nínú: “Ẹ̀gbọ́n, a ò rí yín lọ́jọ́bọ̀. Àga yín wà níbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago márùn-ún.” Bó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ pè é. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù lọ sílé rẹ̀ ní ọ̀sán, kó kàn sí i kó tó lọ, kó kanlẹ̀kùn jẹ́jẹ́, kó sún sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn kí wọ́n lè rí i láti inú, kó sì pe orúkọ ara rẹ̀.